Ọjọ́ Mẹ́fà Lẹ́yìn Àfọ́kù Tánńganran: Láti Ṣàgámù Dé Ìwòpin

Kí a tó gbéra

Tánńganran tí a ń wí níhìn-ín ni àwo tó ń fọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù de àlejò, kì í ṣe abọ́ onírin tí wọ́n kùn lódòdó. Àfọ́kù tí a ń wá ni ti àwo tí wọ́n fọwọ́ ya òdòdó sí lára, tí ọkọ̀ òkun kó láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nẹ́dálándì wá sí Èkó ní sẹ́ńtúrì 19 títí wọ inú 20, tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sì gbé gba orí ọ̀sà dé ọjà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Àwo fọ́, wọ́n gbá a dà sí ààtàn, ìlú gbilẹ̀, ilé bo ààtàn mọ́lẹ̀. Ibi tí gọ́tà, àgbàrá tàbí etí omi bá ti tú ààtàn àtijọ́ síta ni iṣẹ́ wà.

Oṣù Kẹta la mú. Lásìkò yìí ọ̀sà ṣì fà sẹ́yìn, òjò àkọ́rọ̀ bíi méjì sì ti rọ̀, ó ti fọ erùpẹ̀ kúrò lára ohun tó wà lójú ilẹ̀. Ẹni tó bá dúró di Oṣù Kẹfà, omi á ti bo ìdajì, koríko á ti bo ìdajì tó kù.

Ẹrù wa kò pọ̀: bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, bákẹ́ẹ̀tì funfun méjì, ọ̀rá onízíìpù 100, pẹ́ńsù, bébà líle tí a gé wẹ́wẹ́, rúlà, fóònù tó ní mápù, àti awò kékeré tí àwọn oníwúrà máa ń fi sójú, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú, ẹ fi bírọ̀ sílẹ̀. Àfọ́kù máa ń lami fún ọjọ́ mélòó kan nínú ọ̀rá, omi yẹn á sì ṣe tadáwà bírọ̀ báṣubàṣu, àmọ́ pẹ́ńsù kò ní kúrò.

Kò sí ọkọ́ nínú ẹrù, kò sí ṣọ́bìrì. Decree 77 ti ọdún 1979, tó dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìní ìwé àṣẹ àjọ náà, kò sì gbà kí a kó o jáde ní Nàìjíríà láìgbàṣẹ. Yàtọ̀ sí ti òfin, ẹni tó bá wa ilẹ̀ láìmọ̀ ọ́n wà ti da ọjọ́ orí rú: ìpele òkè ti dà sí ti ìsàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún lè tò ó padà. Ohun tó bá ti yọjú fúnra rẹ̀ la ń mú.

Ọjọ́ Ajé: Ṣàgámù

Agogo méje kọjá díẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó ga ni ojú ilẹ̀ dára jù láti wò, torí ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, tánńganran á máa kọ mọ̀nà láàárín iyanrìn. Tó bá ti di agogo mọ́kànlá, gbogbo nǹkan ló ń dán, títí kan ọ̀rá píọ̀ wọ́tà.

Àwọn ìlú Rẹ́mọ tó kóra jọ ní 1872 ló di Ṣàgámù. Nítorí náà ẹ má wá ààtàn kan ṣoṣo fún gbogbo ìlú. Ọ̀fìn ní tirẹ̀, Màkún ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àdúgbò yòókù. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àgbà àdúgbò kọ̀ọ̀kan pé, "Níbo ni wọ́n ń da ilẹ̀ sí láyé àwọn bàbá yín?" Ìbéèrè yẹn ń ṣiṣẹ́ ju mápù lọ. Ẹ sì bèèrè bóyá Orò ń jáde lọ́sẹ̀ náà, pàápàá bí obìnrin bá wà nínú yín.

Ìyá àgbà kan tó ń ṣa obì lẹ́yìnkùlé béèrè ohun tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ fi àfọ́kù ṣe? Ṣé kì í ṣe nǹkan mìíràn?"

"Rárá o, mà. Òdòdó ara rẹ̀ la fẹ́ wò. A ó fi gbogbo ohun tí a bá rí hàn yín kí a tó lọ."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àfọ́kù ìgò sílẹ̀ sójú ọ̀nà fún mi o."

Ẹ̀rù oògùn owó ló wà nídìí ìbéèrè yẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí i. Bákẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe àpò tí a so lẹ́nu. Ojúmọmọ ni kí ẹ ṣe é. Bí ẹ bá sì rí àwo, odindi tàbí àfọ́kù, ní oríta tàbí nídìí ojúbọ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ mọ ìdí tó fi gbé e síbẹ̀.

Ibi tí a kọ́kọ́ wò ni abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ àwọn ilé amọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti kan páànù lé. Omi tó ń já láti etí òrùlé ń gbẹ́ ojú ilẹ̀ lọ́dọọdún, ó ń gbé erùpẹ̀ lọ, ó ń fi ohun tó wúwo sílẹ̀. Ẹ máa rí i bí ìlà kan tó gùn gbọọrọ lẹ́bàá ògiri: òkúta wẹ́wẹ́, èésán, ìṣó tó dípẹtà, àfọ́kù. Ìlà yẹn kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Orí ìkúnlẹ̀ la ti ń wò ó, kì í ṣe orí ìdúró.

Ògiri fúnra rẹ̀ tún yẹ ní wíwò. Ilẹ̀ tó wà nítòsí ni wọ́n ń wà láti fi mọ ilé, bí ààtàn bá sì wà nítòsí, àfọ́kù á bá amọ̀ wọ inú ògiri. Èyí tí ẹ bá rí nínú ògiri ti fọ́ kí wọ́n tó mọlé, ìyẹn ni pé ó dàgbà ju ilé náà lọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má yọ ọ́. Ihò kan tó lọ síta lára ògiri amọ̀ ni ọ̀nà tí òjò máa gbà wọlé.

Ní ti àfọ́kù, ẹ̀tàn ló pọ̀ jù ní Ṣàgámù. Táìlì ló kọ́kọ́ ń tan èèyàn: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ìlà tàbí àpótí-àpótí tí sìmẹ́ńtì fi ń mú un. Lẹ́yìn náà ni àfọ́kù ṣáláńgá òyìnbó, tó nípọn, tó funfun títí dé inú. Àwo tuntun ló sì wá burú jù, torí òdòdó wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ gbé e sábẹ́ awò: bí ẹ bá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀kán wẹ́wẹ́ bíi ti fọ́tò inú ìwé ìròyìn, bébà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo. Kò sí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ìjẹ̀bú-Òde

Katakata ti la gọ́tà tuntun ní òpópónà kan tó dagun níhà Porógun, wọ́n sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Irú ibi báyìí kì í pẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọn á da kọnkéré, wọn á kó erùpẹ̀ lọ fi dí kòtò níbòmíì. Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n ń la gọ́tà ní àdúgbò àtijọ́ kò gbọdọ̀ sọ pé òun á lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. A gbàṣẹ lọ́wọ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́, a sì dúró títí wọ́n fi pa ẹ́ńjìnnì.

Bí a ṣe rìn ín nìyí. Ẹnì kan ní ọ̀tún, ẹnì kan ní òsì, kálukú pẹ̀lú ilẹ̀ tí kò ju mítà kan ní ìbú lọ. Ẹ rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ẹ dúró, ẹ yí padà, kí ẹ tún wo ibi tí ẹ ti kọjá. Àfọ́kù tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn kò ní dán lójú ẹni tó ń bọ̀ láti ìlà oòrùn. Nígbà tí a yí padà la rí nǹkan bí ìdá mẹ́ta gbogbo ohun tí a mú lọ́jọ́ náà.

Òpó iná la fi ń ṣe àmì. Gbogbo àfọ́kù ló ní bébà tirẹ̀ nínú ọ̀rá: ọjọ́, òpó tó sún mọ́ ọn jù, ìṣísẹ̀ mélòó sókè tàbí sísàlẹ̀ òpó náà, ọ̀tún tàbí òsì. Ó ń gba àkókò, ó sì ń sú èèyàn. Àmọ́ àfọ́kù tí a kò mọ ibi tó ti wá, òkúta rẹwàrẹwà lásán ni.

Ṣáájú ogun Ìmàgbọn, tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní Oṣù Karùn-ún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àlejò Èkó àti òyìnbó wọ àárín ìlú wọn bó ṣe wù wọ́n. Àwọn ọjà etí ilẹ̀ wọn, bí Ẹ̀jìnrìn àti Ẹ̀pẹ́, ni òwò ti ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ogun náà ni ọ̀nà ṣí, tí ìjọ àti ilé ìwé tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí kì í fi í yà wá lẹ́nu pé ohun tó ń jáde láti inú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde sábà máa ń jẹ́ ti ìparí sẹ́ńtúrì 19 sókè. Ohun tó bá dàgbà jùyẹn, etí omi ni ká lọ.

Àfọ́kù kan wà tí a mú ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sísàlẹ̀ òpó kejì. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Etí àwo ni, ó sì ní ìlà aró kan yíká etí náà. Lábẹ́ ìlà yẹn ni ewé kan wà, àwọ̀ ewé tútù, àti ìdajì òdòdó pupa. Ẹ wo ewé náà lábẹ́ awò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni búrọ́ọ̀ṣì kàn án: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sanra, ó ń tín-ín-rín bọ̀, níbi tí wọ́n ti gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè ni kùn ti ṣù jọ, tó dúdú díẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Ìlà irun búrọ́ọ̀ṣì hàn nínú rẹ̀ bí ìlà ara ewé gidi. Ibi tí ewé ti fara kan òdòdó, àwọ̀ méjèèjì gorí ara wọn díẹ̀, torí ẹni tó ń yà á ń sáré. Ọ̀pọ̀ irú àwo wọ̀nyí ni wọ́n ń yà lójúmọ́, olówó pọ́ọ́kú ni.

Ìlà yíká etí yẹn náà, ọwọ́ ni. Àwọn ayàwòrán máa ń gbé àwo sórí àgbá tó ń yí, wọ́n á di búrọ́ọ̀ṣì mú gírí, àwo ni yóò yí. Bí ẹ bá ṣe oríire tí ẹ rí ibi tí ìlà ti padà bá ara rẹ̀, ẹ máa rí i pé ó gorí ara rẹ̀ tàbí pé ó yẹ̀ díẹ̀.

Èyí tó máa ń dà pọ̀ mọ́ ti búrọ́ọ̀ṣì ni ti kànrìnkàn. Wọ́n á gé kànrìnkàn omi òkun ní àwòrán ìràwọ̀ tàbí òdòdó, wọ́n á rì í sínú kùn, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo. Ojú ihò kànrìnkàn máa ń hàn nínú àwọ̀, bí ojú àkàrà. Òdòdó kan náà ló sì ń padà wá, kò sàn ju èkejì, kò burú jù ú. A kò sọ ọ́ nù: ọ̀pọ̀ ìgbà ni kànrìnkàn àti búrọ́ọ̀ṣì jọ wà lára àwo kan, kànrìnkàn fún òdòdó, búrọ́ọ̀ṣì fún ewé àti ìlà etí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọ̀ náà ń sọ ọjọ́ orí. Ṣáájú bíi 1830, àwọ̀ tó wọ́pọ̀ lára àwo Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fọwọ́ yà ni aró, búráùn, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ewé tó ṣú bí ewé tó ń rọ. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ tí wọ́n ń fi kúrómíọ̀mù ṣe gbòde: ewé tútù yọ̀yọ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ òyìnbó. Bí ẹ bá rí ìdí àwo, ẹ wo igun inú òrùka tí àwo fi ń jókòó, níbi tí gíléèsì, ìyẹn ohun dídán bíi dígí tó bo ara àwo, ti ṣù jọ. Bó bá kọ aró díẹ̀ níbẹ̀, ó lè jẹ́ ti ìparí sẹ́ńtúrì 18 sí ìbẹ̀rẹ̀ 19. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó kọ àwọ̀ ewé, irú èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni. Bó bá funfun gbòò, ó ti wọ inú sẹ́ńtúrì 19 dáadáa. Ẹ má fi àmì kan ṣoṣo dájọ́.

Ọjọ́rú: Òkè-Ẹ̀rí

Ọjọ́ tí a kò mú nǹkan kan, a kò sì wá mímú. Eredo Súngbọ́, ògiri erùpẹ̀ àti yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà, tó ga tó 20 mítà níbòmíì láti ìsàlẹ̀ yàrà, wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún ayé láti 1995. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní í fọwọ́ kàn níbẹ̀.

Ìdí tí ó fi yẹ kí olùwá àfọ́kù débẹ̀ ni pé ojú á mọ àpáàdì tiwa. Ní ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba àárín oko kọjá, òjò ti fọ àpáàdì ìkòkò síta. Kò ní gíléèsì, inú rẹ̀ dúdú níbi tí iná kò ti jó o tán, yanrìn sì hàn nínú amọ̀ rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kì í ṣe kùn. Wọ́n yí igi gbígbẹ́ tàbí okùn tí a lọ́ lórí amọ̀ tútù ni, ó sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bíi ti ẹní. Bí irú èyí àti tánńganran bá jọ wà nínú ààtàn kan, ẹ kọ iye méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ń ka tánńganran nìkan, wọ́n á wá rò pé gbogbo ilé ló fi àwo òyìnbó jẹun. Irọ́ ni. Ìkòkò ló ń sè, ìkòkò ló ń tọ́jú omi. Tánńganran díẹ̀ ló wà fún ojú àlejò.

Ọjọ́bọ̀: Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀jìnrìn

Ìpínlẹ̀ Èkó ni méjèèjì wà láti 1967, ṣùgbọ́n omi òwò Ìjẹ̀bú ni. Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, sá wá sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní Oṣù Kejìlá 1851, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1862. Ìdí nìyí tí ìlú náà fi ní apá méjì, Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, títí dòní. Ní ti Ẹ̀jìnrìn, ọjà tí àwọn oníṣòwò Èkó àti ti òkè ilẹ̀ ti ń pàdé ni.

Etí ọ̀sà yàtọ̀ sí gọ́tà. Ohun mẹ́ta ló ń yọ àfọ́kù síta níbẹ̀. Èkíní, ìgbì ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń jẹ etí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìkejì, èbúté àtijọ́, níbi tí àwo tó fọ́ nínú ọkọ̀ ti máa ń bọ́ sómi kí ẹnikẹ́ni tó fi jẹun rárá. Ìkẹta, àwọn tó ń wa yanrìn. Wọ́n ń mòòkùn pẹ̀lú bákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń kó yanrìn sínú ọkọ̀, wọ́n á dà á sí etí omi di òkìtì. Níbi tí wọ́n bá ti fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ohun tí asẹ́ kọ̀ á wà ní ẹ̀gbẹ́ kan: ìkarahun, òkúta, irin, àfọ́kù. Láàárín wákàtí kan, ẹ lè rí níbẹ̀ ohun tí ẹ kò ní rí ní ọjọ́ méjì ní gọ́tà.

Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń mú. Òkìtì yanrìn kò lè sọ ibi tó ti wá ju "inú ọ̀sà níhìn-ín" lọ, torí ọkọ̀ mẹ́ta lè da yanrìn ibi mẹ́ta sójú kan. A kọ "òkìtì" gàdàgbà sórí bébà àwọn yẹn, a kò dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti etí omi. Bí a bá ní ká yan ọ̀kan, àfọ́kù kékeré tí a mú ní etí omi níyì ju èyí tó tóbi láti orí òkìtì.

Ẹ má wọnú omi kọjá orúnkún. Ibi tí wọ́n ti wa yanrìn máa ń di kòtò tó jìn lójijì, ojú omi kò sì ní sọ fún yín.

Àfọ́kù ọ̀sà ní ìwà tirẹ̀. Yanrìn ti há a lára, gíléèsì rẹ̀ kò dán mọ́, etí rẹ̀ ti yípo bí ọṣẹ tó ti pẹ́ nílé ìwẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n kùn sábẹ́ gíléèsì ṣì wà. Èyí tí wọ́n kùn sórí gíléèsì ti ṣí kúrò, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù bí òjìji. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀: níbi tí kùn ti wà rí, gíléèsì rẹ̀ kì í dán bákan náà. Òdòdó odindi la rí báyìí lára àwo kan tó jọ funfun lásán.

Láti mọ̀ bóyá amọ̀ lásán ni àbí tánńganran líle ti Ṣáínà, àwọn àgbà iṣẹ́ yìí máa ń fi ahọ́n kàn án: amọ̀ á lẹ̀ mọ́ ahọ́n, líle kò ní lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é pẹ̀lú ohun tó ti gọ́tà tàbí èbúté jáde. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ kán omi kan sí ojú ibi tó ti fọ́. Bí omi bá wọlé lójú ẹsẹ̀, amọ̀ ni. Bó bá dúró bí ìrì lórí ewé kókò, líle ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí a ń wá yóò mu omi.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ ní Ẹ̀jìnrìn, ìdí àwo kan yọjú. Inú rẹ̀ ní ewé méjì àti ẹsẹ̀ òdòdó kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àmì tí wọ́n tẹ̀ ní dúdú, ó ti parẹ́, ó ku lẹ́tà mẹ́rin: ICHT. Maastricht ni, ìlú kan ní gúúsù Nẹ́dálándì. Petrus Regout bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwo níbẹ̀ ní 1836, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló di De Sphinx ní 1899. Alábàádíje rẹ̀ ní ìlú kan náà ń jẹ́ Société Céramique láti 1863, àwọn méjèèjì sì para pọ̀ ní 1958. Orúkọ ìlú yẹn wà nínú àmì àwọn méjèèjì, nítorí náà lẹ́tà mẹ́rin kò tó láti mọ èyí tó jẹ́. Apá òkè àmì ló máa ń yà wọ́n: ẹranko tó dùbúlẹ̀ tó ní orí ènìyàn ni ti Regout àti Sphinx. Òkè yẹn gan-an ló ti kán lọ. A kọ "Maastricht" nìkan, a kò fi kún un.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní àmì tó rọrùn. Bí ẹ bá rí ENGLAND lẹ́yìn àwo, 1891 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ fojú sí, torí òfin owó ibodè Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí wọ́n máa kọ orúkọ ilẹ̀ sí i. MADE IN ENGLAND sábà máa ń jẹ́ ti sẹ́ńtúrì 20. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí orúkọ ilẹ̀ rárá, ìyẹn nìkan kò sọ pé ó dàgbà. Ọ̀pọ̀ àwo olówó pọ́ọ́kú kò ní àmì kankan títí wọ́n fi fọ́.

Ọjọ́ Ẹtì: Ìwòpin

Afẹ́fẹ́ ta omi sí etí ilẹ̀ láti àárọ̀, gbogbo ibi tó yẹ kó gbẹ ló rì. Àfọ́kù kan ṣoṣo, láìní òdòdó. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti orí omi wá sí ilẹ̀, ẹ má lọ. Ẹ bi àwọn apẹja lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. A kò bi wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: fífọ̀ àti wíwọ̀n

Omi tútù, abọ́ ọlọ́ràá, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀. Ọ̀rá kan lẹ́ẹ̀kan, bébà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá da ọ̀rá mẹ́wàá sínú abọ́ kan ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣòfò. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka tó tutù kan àwọ̀ náà. Bó bá ga díẹ̀ lójú gíléèsì, orí gíléèsì ni wọ́n kùn ún sí, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì débẹ̀, omi nìkan tó.

Ẹ má lo ohun tó ń sọ aṣọ di funfun. Ó máa mú àbàwọ́n pupa ilẹ̀ wa kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n amọ̀ ń fà á mu, kò sì ní jáde tán. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, iyọ̀ rẹ̀ á di ẹyọ wẹ́wẹ́ lábẹ́ gíléèsì, gíléèsì á máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí kan náà ni a fi ń rẹ ti ọ̀sà sínú omi tó mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí a ń pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, torí nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni iyọ̀ òkun máa ń wọ ọ̀sà jìnnà jù. Lẹ́yìn náà, abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá a, kì í ṣe oòrùn.

Láti mọ bí àwo ṣe tóbi tó nígbà tó pé, ẹ fi kọ́ńpáàsì ya òbìrí sórí páálí, èyí tó kéré jù kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kí èyí tó tẹ̀ lé e máa fi 2 lé e títí dé 30. Ẹ da etí àfọ́kù dé orí páálí, bí ìgbà tí odindi àwo dojú bolẹ̀, kí ẹ máa sún un láti òbìrí dé òbìrí. Èyí tó bá bá a dọ́gba láìsí àlàfo ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni. Bí etí náà kò bá tó ìdá ogún òbìrí, ẹ má wọ̀n ọ́n, ẹ ó kàn máa méfò ni.

Ẹ má fi súpà gúlù lẹ̀ wọ́n. Kì í ṣeé tú, bí ó bá sì wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wọ́ títí láé nìyẹn. Àwọn ilé ọnà ń lo gúlù tí wọ́n ń pè ní Paraloid B-72, tí wọ́n fi acetone yọ́, torí acetone kan náà ló ń tú u. Bí kò bá sí, ẹ tò wọ́n sínú yanrìn inú abọ́ kí wọ́n dúró, kí ẹ ya fọ́tò. Àwọn tó ń fi àfọ́kù ṣe ẹ̀gbà ọrùn kò gbọdọ̀ lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ: lẹ́ẹ̀dì wà nínú ọ̀pọ̀ gíléèsì àtijọ́, ekuru amọ̀ náà sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi àti ohun ìbomú ni dandan.

Nígbà tí a to ti Ìjẹ̀bú-Òde sórí tábìlì, àfọ́kù àtàǹpàkò ti òpó kejì wọnú òmíràn láìyẹ̀: ìdajì òdòdó pupa bá ìdajì rẹ̀. Bébà ìkejì kà pé òpó kẹrin, ìṣísẹ̀ mẹ́fà sókè, ọ̀tún. Òpó mẹ́ta, ìkejì títí dé ìkẹrin, ló wà láàárín ibi tí a ti mú àwọn méjèèjì, ti òkè sì ni òpó kẹrin. Etí ti òpó kejì ti yípo díẹ̀, ti òpó kẹrin ṣì mú débi pé ó gé ọ̀rá tí a fi dì í. Omi àgbàrá ló ti gbé èkíní sísàlẹ̀ kí katakata tó dé. Ibi tí ìkejì ti jáde kò jìnnà sí ibi tí àwo náà fọ́ sí, lókè òpó kẹrin, ní ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí ilé amọ̀ kan wà tí òrùlé rẹ̀ ti ń já omi sórí ilẹ̀ kan náà láti ọdún pípẹ́. A ti fi àmì sí i lórí mápù: abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìsàlẹ̀, kí a kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé.